Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni orin sí i lára

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Láti Kabba, ní ilẹ̀ Òkun, ilẹ̀ àwa Yorùbá tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Olùkọ́ orin ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi ni mo sì ń darí ẹgbẹ́ akọrin àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa títí di òní. Ohun tó gbé mi dìde ni ọ̀rọ̀ orin kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, Jin-Go-Lo-Ba. Jingo ni púpọ̀ nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é, torí bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ Santana ti ìlú San Francisco ṣe kọ ọ́ sára àwo wọn ní 1969, tó sì di ọ̀kan nínú àwọn orin rọ́ọ̀kì tí ayé kò gbàgbé. Mo ti bi àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe orin ní àwọn sitúdíò kéékèèké ní Kabba níbí léèrè ẹni tó ni ín. Àwọn tó gbọ́ ọ rí nínú wọn ní Santana ni. Kò sí èyí tó dárúkọ ọmọ Yorùbá kankan.

Babatunde Olatunji ló ni ín. Àjídò, nítòsí Badagry, ni wọ́n ti bí i ní 1927. Ní 1950 ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Rotary, ó sì lọ sí Morehouse College ní Atlanta. Kì í ṣe orin ló bá lọ o. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ìmọ̀ ìṣàkóso ìjọba ló tún lọ kọ́ ní yunifásítì ní New York, ibẹ̀ ló sì ti kó àwọn onílù díẹ̀ jọ kó lè máa rí owó gbọ́ bùkátà. Ìlù tó fi ń wá owó ilé ìwé yìí ló gbé e dé orí ìtàgé Radio City Music Hall. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Hammond, láti Columbia, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo orin jáde, gbọ́ ọ. Hammond yìí kan náà ló mú Bob Dylan, gbajúmọ̀ olórin Amẹ́ríkà, wọ Columbia lẹ́yìn náà. Bí àwo Drums of Passion ṣe jáde ní 1960 nìyẹn.

Orin mẹ́jọ ló wà nínú àwo náà, Jin-Go-Lo-Ba sì wà lára wọn. Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ nínú àwọn yòókù fún yín: Akiwowo, Oya, Odun De, Kiyakiya, Oyin Momo Ado, Shango. Ẹni tó bá ti jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà rí ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí ẹni tó máa ṣàlàyé fún un ibi tí irú àwọn orin bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀. Wọn kò fi gìtá kún un, wọn kò fi fèrè dídán tàn án. Ìlù ni, agogo ni, ohùn ènìyàn ni. Ilé iṣẹ́ ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé e jáde bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn sì rà á.

Ohun tó máa ń mú mi lọ́kàn jù lọ nínú ọ̀rọ̀ àwo yìí ni àwọn tó bá a lu ìlù àti àwọn tó bá a gbe orin. Taiwo Duvall wà níbẹ̀, Montego Joe wà níbẹ̀, Baba Hawthorne Bey náà wà níbẹ̀. Nínú àwọn obìnrin tó gbe orin, Dolores Oyinka Parker wà níbẹ̀, Ruby Wuraola Pryor náà wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi Oyinka àti Wuraola kún orúkọ wọn, tí wọ́n sì dúró níwájú makirofóònù, wọ́n ń gbe orin Yorùbá! Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti kọ́ ọmọ ènìyàn ní orin, mo mọ bí iṣẹ́ yẹn ti tó. Èdè wa ti ní orin tirẹ̀ kí olórin tó fọwọ́ kàn án. Bí elégbè bá gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àjèjì ní irú rẹ̀, á kọ́ ọ létí, á kọ́ ọ lẹ́nu, á ní sùúrù tó pọ̀. Olatunji ní sùúrù náà. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn sì kọ́ ọ.

Mo sì lè dárúkọ wọn fún yín láti Kabba níbí lónìí nítorí pé ẹnìkan kọ orúkọ wọn sílẹ̀ nígbà náà. Ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ Santana ṣe jẹ́. Carlos Santana, tí wọ́n bí ní Mẹ́síkò ní 1947, ló ń ta gìtá. José Areas, ọmọ Nicaragua, wà lára àwọn onílù, òun àti Michael Carabello tó ń lu kóńgà. Michael Shrieve ló jókòó sí ìdí ìlù ńlá, David Brown ń ta béèsì, Gregg Rolie ń tẹ dùùrù. Oṣù Karùn-ún 1969 ni wọ́n wọ sitúdíò ní San Mateo láti ṣe àwo wọn àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 16, oṣù Kẹjọ ọdún náà, wọ́n ti wà lórí ìtàgé ní Woodstock, àjọ̀dún orin ńlá kan ní Amẹ́ríkà, níwájú èrò tó lọ bíi ọ̀kẹ́ ogún. Àwo wọn kò tíì jáde nígbà yẹn. Púpọ̀ nínú èrò náà kò mọ̀ wọ́n rí. Wọ́n lu Jingo níbẹ̀. Lẹ́yìn tí àwo náà jáde, Jingo ni orin àkọ́kọ́ tí wọ́n yọ nínú rẹ̀ fún rédíò, ó sì dé ipò 56 nínú Billboard, àtẹ tí Amẹ́ríkà fi ń to orin tó gbajúmọ̀. Evil Ways tó tẹ̀ lé e ló gun òkè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó dé ipò 9. Ipò tí orin dé nínú àtẹ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan lójú mi. Ẹ gbọ́ orin náà fúnra rẹ̀. Ìlù ló ṣáájú, béèsì di ẹsẹ̀ kan náà mú kò fi í sílẹ̀, dùùrù wá bà lé e, lẹ́yìn náà ni gìtá tó gbẹ́nu sókè. Níbi tí àwọn obìnrin ti ń dá Olatunji lóhùn nínú àwo ti 1960, gìtá àti dùùrù ló gba iṣẹ́ elégbè nínú ti Santana. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé orin náà kò lè dúró bí ẹnìkan bá ń pè tí ẹnìkan kò dáhùn. Wọn kò fọwọ́ kan egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí rẹ̀.

Ilé wa ní Ìyàrà, ní ilẹ̀ Ìjùmú, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nígbà tí ìpínlẹ̀ Kwara ṣì ni wá, tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ orúkọ tó ń jẹ́ Ìpínlẹ̀ Kogí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní Kaduna, ó sì gbé gírámáfóònù oníbátìrì wálé fún Kérésìmesì. Ìyá wa ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. Ìyá wa yìí, olórin ni láàárín àwọn obìnrin àdúgbò. Bí wọ́n bá ń sin ìyàwó tàbí tí wọ́n bá ń sin òkú àgbà, òun ló máa ń lé orin. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe fi àwo Santana sí i, a gbọ́ ohùn Ìyá lẹ́yìnkùlé, ó ti ń gbè é. Ó wọlé wá pẹ̀lú igbá ẹ̀wà lọ́wọ́, ó ní, "Ta ló ń lé e?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Santana ni, Ìyá, ará Amẹ́ríkà ni." Ìyá tẹ́tí sí i títí. Ó wá béèrè pé, "Ta ló kọ́ ọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni mo wà kí n tó kà nípa Olatunji nínú ìwé kan, tí mo sì lè dá ìyá mi lóhùn.

Ìbéèrè ìyá mi yẹn ni mo fi ń wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Serge Gainsbourg, gbajúmọ̀ olórin wọn, gbé àwo kan jáde ní 1964 tó ń jẹ́ Gainsbourg Percussions. Ẹni tó bá mọ Drums of Passion dáadáa, etí rẹ̀ á dùn, inú rẹ̀ á sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Akiwowo ló wà nínú New York U.S.A., Kiyakiya ló wà nínú Joanna, Jin-Go-Lo-Ba fúnra rẹ̀ ló wà nínú Marabout. Orúkọ Gainsbourg ni wọ́n kọ sí i. Ọdún 1986 ni ọ̀rọ̀ náà tó di ti ilé ẹjọ́, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ Olatunji sí àwọn orin náà. Ọdún méjìlélógún! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí àwo yẹn jáde á ti jáde yunifásítì.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan orin ẹlòmíràn. Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ àgbà ẹgbẹ́ mi nìyí. Jin-Go-Lo-Ba kò ní dé ibi tó dé bí kò bá ṣe pé àwọn ẹlòmíràn mú un, tí wọ́n tún un ṣe. Candido, onílù kóńgà ọmọ Kúbà, sọ ọ́ di orin ijó dísíkò ní 1979. Jellybean tún un ṣe ní 1987. Fatboy Slim ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún un ṣe ní 2004. Ní ọdún 2004 yìí kan náà ni Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, mú Drums of Passion mọ́ àwọn ohùn tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ parun ní orílẹ̀-èdè wọn. Ẹ tún rí i: Carlos Santana fúnra rẹ̀ wá ta gìtá fún Olatunji nínú àwo kan tí Olatunji ṣe ní 1986, tí Mickey Hart, onílù ẹgbẹ́ Grateful Dead, bá a ṣe kòkáárí rẹ̀. Hart yìí ló pe Olatunji àti Sikiru Adepoju, onígángan ọmọ Èrúwà, sínú Planet Drum, àwo tó kọ́kọ́ gba Grammy nígbà tí wọ́n dá ti orin àgbáyé sílẹ̀. Gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí ṣí sílẹ̀ nítorí pé orúkọ onílù kò sọnù. Ẹni tó bá gbọ́ Jingo, tó sì fẹ́ mọ orísun rẹ̀, á rí orúkọ kan tó máa tọ̀. John Coltrane, gbajúmọ̀ olórin jáàsì Amẹ́ríkà, kọ orin kan tó pè ní Tunji fún un. Nígbà tí Olatunji dá ilé àṣà Áfíríkà sílẹ̀ ní Harlem, ibẹ̀ ni Coltrane ti ṣe eré kan ní oṣù Kẹrin 1967, oṣù mélòó kan kó tó kú. Olatunji kú ní oṣù Kẹrin 2003. Orúkọ rẹ̀ kò bá a lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí ilẹ̀ Òkun.

A sin ìyá àgbà kan ní ìlú wa láìpẹ́ yìí. Àwọn obìnrin jáde. Àwọn àgbà méjì tó kù nínú àwọn tó mọ orin ìsìnkú àtijọ́ ló lé e, àwọn yòókù gbè é, àwọn tó ṣì ní aṣọ ipò, aṣọ ìsìnkú tí àwọn Bùnú ń hun, kó o jáde. Orin tí mo mọ̀ láti kékeré ni, mo sì gbọ́ àwọn mìíràn tí n kò gbọ́ rí. Ẹni tó ń ya fídíò wà níbẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ọmọ ọmọ mi ṣí fóònù rẹ̀, mo gbọ́ ohùn àwọn ìyá yẹn nínú rẹ̀. Wọ́n ti fi ìlù kọ̀ǹpútà sí abẹ́ rẹ̀. Ó dára, n kò ní purọ́. Ọmọ tó ṣe é ní ọwọ́, ó ní etí. Ó jẹ́ kí ohùn àwọn ìyá yẹn mí dáadáa kó tó jẹ́ kí ìlù wọlé. Ṣùgbọ́n orúkọ tirẹ̀ nìkan ló wà lórí rẹ̀. Kò sí orúkọ ìlú, kò sí orúkọ ẹni tó lé orin, kò sí orúkọ elégbè kan ṣoṣo. Àwọn tó gbọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń yìn ín pé ó mọ orin dá. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ti kú báyìí, kò gbọ́ ọ, kò mọ̀ pé ohùn òun ti dé ibẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún àwọn kan. Wọ́n dá mi lóhùn pé orin àtijọ́ kò ní ẹni kan pàtó tó ni ín, ti gbogbo ìlú ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ti gbogbo ìlú, ṣebí ìlú ní orúkọ? Ẹ kọ orúkọ ìlú sí i. Òfin Nàìjíríà pàápàá sọ bẹ́ẹ̀. Copyright Act ti 2022 ní kí ẹni tó bá mú orin tàbí ìtàn àbáláyé wá síta fún gbogbo ènìyàn dárúkọ àwùjọ tàbí ibi tó ti rí i. Kì í ṣe òfin àná o, ó ti wà nínú ti 1988. Nigerian Copyright Commission ló ń rí sí i. N kò kọ lẹ́tà yìí kí wọ́n lè lọ mú ọmọ kankan. Ọmọ wa ni wọ́n, mo sì fẹ́ kí iṣẹ́ wọn dé ibi tí Jingo dé. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n mọ̀ pé ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n fún wà nínú òfin, kì í ṣe àṣejù obìnrin arúgbó kan.

Yàtọ̀ sí òfin, ohùn tó wà nínú orin ìsìnkú yẹn kì í ṣe ti gbogbo ìlú. Ti ìyá kan ni. Ibi tó ti fa ohùn gùn, ibi tó ti já a lójijì kí elégbè lè bọ́ sí i, òun ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ́ orin kan náà ní Mọ̀pà tàbí ní Odò-Ẹrẹ̀ lè má ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin mọ èyí jù mí lọ, torí ohùn yẹn gan-an ni wọ́n ń wá, wọ́n sì gé e bó ṣe wà. Ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ègbè tí à ń kọ ní ọjọ́ Ìkórè ní ilẹ̀ Ìyàgbà àti Ìjùmú, inú orin àwọn ìyá wa ni ohùn wọn ti wá. A yí ọ̀rọ̀ wọn padà, a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò ìsìn, a sì fi àyè orúkọ sílẹ̀ lófìfo.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò gba owó. Kí ẹni tó ń ya fídíò òkú tàbí ìgbéyàwó béèrè orúkọ ẹni tó lé orin, kó béèrè orúkọ àwọn elégbè àti onílù, kó kọ orúkọ ìlú àti ọdún, kí gbogbo rẹ̀ sì hàn lójú fídíò náà. Kí ẹni tó bá gé ohùn níbẹ̀ kọ ọ́ sí ara orin tirẹ̀ bákan náà. Bí owó bá wọlé, kó mú nínú rẹ̀ lọ bá ìyá náà nílé. Mo bẹ àwọn ọba wa, láti ọ̀dọ̀ Ọbáró ti Kabba dé ọ̀dọ̀ Agbana ti Ìsánlú àti Ẹlúlù ti Mọ̀pà, kí wọ́n bá àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìfẹ́, kí wọ́n sì ní ìwé kan láàfin tí wọ́n á máa kọ orúkọ àwọn àgbà olórin sí, kí àwọn tó kù tó tán.

Ẹ̀yin náà, Olóòtú, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí yín. Ẹ fún wa ní igun kékeré kan nínú ìwé ìròyìn yín, kódà bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, níbi tí ẹ óò ti máa tẹ ọ̀rọ̀ orin ìlú kan pẹ̀lú orúkọ àwọn tó kọ ọ́. Àwọn òǹkàwé yín wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, kò sí ibi tí irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ kò sí. Mo ti lọ bá ìyá tó kù nínú àwọn méjèèjì tó lé orin ní ìsìnkú tí mo sọ. Ó gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ orin náà sílẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́ ní èdè Ìjùmú, ó sì sọ orúkọ gbogbo àwọn tó gbè é lọ́jọ́ náà fún mi, ti ẹni tó ti kú ló fi ṣáájú. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi báyìí. Bí ẹ bá gbà, ẹ kọ̀wé sí mi, màá fi ránṣẹ́ sí yín lọ́sẹ̀ náà.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ orin tó ti fẹ̀yìn tì,
Kabba, Ìpínlẹ̀ Kogí.